Ẹ̀kọ Tí Kò Ní Kókó

Ọjọ́ kan wà tí kò ní parẹ́ lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi. Ọjọ́ náà ni mo gun ọ̀kadà la àárín Lálúpọn kọjá, tí mo gbá ọmọ oṣù mẹ́fà mọ́ àyà, bàtà lẹ́sẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì lásán, tí nǹkan kan tó ń dán bí omi ìgbín sì ń fà láti irùngbọ̀n mi dé ètè ọmọ. Títí di òní, àwọn kan tó rí wa ṣì ń bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sinmi ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣẹ̀sín, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó sọ mí di ojo. Nígbà kan, níbi tí a ti ń sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ, òkèlè iyán há mi lọ́fun. Mi ò lè mí, mi ò lè ké, ojú mi ṣú. Àwọn èèyàn rò pé mò ń fi orí jó sí orin ni. Ọpẹ́lọpẹ́ dírẹ́bà kan tó jókòó tì mí, òun ló gbá mi mú láti ẹ̀yìn, tó fọwọ́ ti ikùn mi sókè lẹ́ẹ̀mejì, tí òkèlè náà fi fò jáde, tó sì bọ́ sínú ọbẹ̀ àlejò tó kọjú sí mi. Àlejò náà bínú. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀rù ohunkóhun tó bá fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá. Ẹ̀bà tí gbogbo ayé ń gbé mì, èmi ń rún un ni. Ìyàwó mi á ti fọ abọ́ tirẹ̀ tán, á ti jókòó, á ti gbàgbé pé òun jẹun, èmi á ṣì wà lórí òkèlè kẹta. Fadékẹ́, àkọ́bí mi, bi mí lọ́jọ́ kan tí mo gbé ife sẹ́nu pé, "Bàbá mi, ṣé omi náà lẹ fẹ́ rún ni?" Mo ní kó jẹ́ n mumi mi ní àlàáfíà.

Irú èèyàn tí mo jẹ́ rèé tí wọ́n fi oúnjẹ ọmọ lé lọ́wọ́.

Ọmọ Fadékẹ́ ni. Ìkẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀, Ìkẹ́ là ń pè é. Òkè Ọya ni ọkọ Fadékẹ́ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni ìyá àti ọmọ wà láti ìgbà ìkómọ. Ọmú nìkan ló fún un títí ọmọ fi pé oṣù mẹ́fà, bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe wí. Bó ṣe pé oṣù mẹ́fà báyìí ni ilé ìwé kan ní Ẹ̀gbẹ́dá pè é sí iṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ tó ti ń wá kí ó tó lóyún rárá. Ọjọ́ Ajé ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. A wá fi í síbẹ̀ pé èmi àti ìyàwó mi ni a ó máa tọ́jú ọmọ, torí adìyẹ ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé, mi ò sì ní ọ̀gá tó ń retí mi níbì kan. Kí n má purọ́, ìyàwó mi ló gbà. Èmi kàn mi orí.

Nígbà tó di ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìyá ìyàwó mi ṣubú ní ilé ìwẹ̀ ní Ìwó. Ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀, ó gbọ̀nà. Àtẹnu ọ̀nà ló ti ń kígbe sí mi:

"Ògì wà nínú ike ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ o! Ẹ máa pààrọ̀ omi orí rẹ̀ láràárọ̀ kó má bàa kan. Tí ẹ bá fẹ́ sè é fún ọmọ, ẹ jẹ́ kó kúnná. Kò gbọdọ̀ ní kókó!"

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn wọ̀ mí lára. Kò gbọdọ̀ ní kókó. Mo sùn tì í, mo jí tì í.

Lọ́jọ́bọ̀, Fadékẹ́ fúnra rẹ̀ ló se ẹ̀kọ, ó sì fi ṣíbí kékeré bù ú sí Ìkẹ́ lẹ́nu. Ọmọ náà fi ahọ́n tì í jáde. Ó tún bù ú, ó tún tì í. Ẹ̀kọ dé àyà, ó dé itan, ó dé ilẹ̀, kò dé ikùn. Nígbà tó di ọ̀sán, Fadékẹ́ gbé abọ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Bàbá mi, tí kò bá jẹun kí ọjọ́ Ajé tó dé, mi ò ní lè lọ. Ọmú tí mo bá fún sínú ife kò lè tó o láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Màá kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n fi iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn."

Ibi tó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni Ìyá Múrí wọlé. Aládùúgbò wa ni, opó ni, gàrí ló ń ṣe. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa, ògiri náà kò sì dí ohùn rẹ̀ lọ́wọ́ rí.

"Kí lẹ̀ ń bẹ ọmọ fún?" ni ó wí. "Ẹ gbé e fún mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ lórí itan báyìí, àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹnu, ìka méjì nímú. Tó bá fẹ́ mí, á lanu. Tó bá lanu, ẹ̀kọ á wọlé. Mẹ́jọ ni mo bí, bí mo ṣe rọ wọ́n yó nìyẹn."

"Tó bá wá há a lọ́fun ńkọ́?" ni mo bi í.

"Bàbá Fadékẹ́, ẹ̀kọ ni o. Kì í ṣe iyán."

Fadékẹ́ tó ń sunkún rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, ẹnikẹ́ni ò ní fún ọmọ náà nímú.

"Kò burú," ni Ìyá Múrí dáhùn. "Ọ̀la tí mo bá ti ibi ìfúntí gàrí dé, màá yà. Tí kò bá tíì jẹ, ẹ ó gbé e fún mi."

Mo wo ojú Fadékẹ́. Abọ́ ẹ̀kọ ló ń wò. Mo mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Fadékẹ́ lọ sí ìpàdé àwọn olùkọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ó ku èmi àti Ìkẹ́ nílé. Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo gbé e sáàárín ìrọ̀rí, mo ká ọwọ́ aṣọ mi sókè.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo tún ògì sẹ́. Mo mọ̀ pé ìyàwó mi ti sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n asẹ́ rẹ̀ lójú gbàragada lójú tèmi, eèpo àgbàdo kan ṣoṣo sì tó láti pa èèyàn. Mo wá aṣọ tí ojú rẹ̀ dí dáadáa. Inú àpótí ìyàwó mi ni mo ti rí i, ìborùn kan tó ń yọ̀ bọ̀rọ́, aláwọ̀ búlúù. Mo fi sẹ́ ògì náà, ó kúnná lóòótọ́. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ẹ ò rí ẹ̀kọ búlúù rí? Èmi ti rí i. Mo gbé e fún àwọn adìyẹ.

Mo bu òmíràn. Ẹ̀rù ń bà mí kí omi gbígbóná má bó ọmọ lẹ́nu, nítorí náà omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo dà sí i. Ògì náà kò jì. Mo rò ó, mo rò ó, ó ṣàn bí omi ẹfun. Mo gbé e fún àwọn adìyẹ.

Lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ìkòkò kaná, mo ń rò ó létíletí. Ó ti ń ki bọ̀ ni ìyàwó mi pè láti Ìwó.

"Ṣé ó ti jẹ?"

"Mò ń sè é lọ́wọ́."

"Láti àárọ̀? Ẹ̀kọ ni àbí ẹran ẹfọ̀n?"

Kí n tó dá a lóhùn tán, kókó ti so. Mo fi ṣíbí ṣa àwọn ńlá kúrò, mo rí kéékèèké lábẹ́ wọn. Mo ṣa kéékèèké, mo rí ọmọ tiwọn. Lójú mi, kókó kọ̀ọ̀kan dà bí òkèlè iyán. Mo gbé e fún àwọn adìyẹ. Kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn adìyẹ mi ti yó débi pé wọn ò dìde mọ́ tí mo bá ń bọ̀, ọmọ wá ń ké nítorí ebi, wàrà inú ife ti tán, ike ògì sì ti ṣófo.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ike kejì.

Ó wà ní igun ọ̀dẹ̀dẹ̀, ike ọ̀dà bí ti àkọ́kọ́ gan-an, omi lókè, nǹkan funfun tó ti rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́. Mo ní, áà, ìyàwó rere! Ó ti mọ irú ọkọ tí òun fẹ́, ó fi ìpamọ́ sílẹ̀. Mo da omi orí rẹ̀ nù, mo fi ìka méjì rà á wò. Ó kúnná bí àtíkè. Eèpo kò sí, ìyàngbò kò sí, kò tilẹ̀ kan bí ògì ṣe máa ń kan. Ẹni tó bá lóye ì bá bi ara rẹ̀ léèrè ìdí rẹ̀. Èmi ní ògì tí mo ti ń wá láti àárọ̀ nìyí.

Mo bu omi tó ń hó sí i. Ó jì lójú ẹsẹ̀! Funfun rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara bí dígí. Mo rò ó, orógùn ń wúwo lọ́wọ́ mi, kókó kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀. Mo gbé ṣíbí sókè, ẹ̀kọ bá ṣíbí gòkè, kò já. Mo ní ẹ̀kọ tó jì nìyẹn.

Mo jẹ́ kó tutù, mo bù ú sí Ìkẹ́ lẹ́nu. Ó fi ahọ́n tì í bó ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀kọ náà jáde, ó fà, ó tún padà wọlé. Ó tún tì í, ó tún padà. Ó wò mí pẹ̀lú ìyanu. Nígbà tó rí i pé kò lọ, ó gbé e mì.

N kò mọ ìgbà tí mo fò sókè. Mo pe Fadékẹ́ níbi ìpàdé. "Ó ń jẹ! Ọmọ ń jẹ!" Mo gbọ́ tó kígbe, mo gbọ́ tí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a yọ̀. Mo padà sídìí abọ́ bí ẹni tó gba oyè.

Orí ṣíbí kejì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìkẹ́ fọwọ́ gbá ṣíbí mú, ó fà á, ó rẹ́rìn-ín, ó wá fi ọwọ́ náà di irùngbọ̀n mi mú. Mo fẹ́ yọ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tèmi náà lẹ̀ mọ́ ọn. Bí mo ṣe ń bá irùngbọ̀n jà, mo ṣàkíyèsí pé ẹ̀rín ti dá. Mo wò ó. Ẹnu rẹ̀ pa dé pinpin, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, kò mira. Ọmọ tó ti ń ké tẹ́lẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Èmi náà ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo gbé e, mo gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò dún. Mo pe Fadékẹ́ padà, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi ni pé, "Fadékẹ́, sáré máa bọ̀! Ọmọ ò sọ̀rọ̀ mọ́!" Mo fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀, kò kúrò létí mi. Mo fà á já pẹ̀lú irun díẹ̀, mo sá jáde.

Èmi tí mo máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà nítorí ìbẹ̀rù ọ̀kadà, mo gun èyí tí mo kọ́kọ́ rí.

"Ilé ìwòsàn! Sáré!"

Ó sáré. Mo wo bí ilẹ̀ ṣe ń kọjá lábẹ́ wa.

"Má sáré!"

"Bàbá, ẹ mú ọ̀kan," ni ọlọ́kadà wí. Ó bojú wẹ̀yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń fà lẹ́nu yín yẹn?"

"Wo iwájú rẹ!"

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni wọ́n ń ṣe nílé ìwòsàn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ kún orí bẹ́ǹṣì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí fèrèsé. Mo já wọlé, mo ń pariwo pé ọ̀fun ọmọ ti dí. Gbogbo wọn dìde. Nọ́ọ̀sì kan gba Ìkẹ́ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí tábìlì, ó fi nǹkan sí i láyà, ó gbọ́ ọ. Ó la ẹnu rẹ̀, ó wò ó. Mi ò mí ní gbogbo àkókò yẹn. Ìkẹ́ gùnfẹ̀ gbùà, ó sì rẹ́rìn-ín sí nọ́ọ̀sì.

"Bàbá," ni nọ́ọ̀sì wí, "ọmọ yìí ń mí ju ẹ̀yin lọ. Ẹ jókòó kí ẹ má ṣubú. Kí lẹ fún un?"

"Ẹ̀kọ."

Ó fi ìka méjì fa èyí tó wà létí ètè ọmọ. Ó fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi dé èjìká. "Ẹ̀kọ wo ló ń fà báyìí?"

Ìyá ọlọ́mọ kan na ọrùn láti orí bẹ́ǹṣì. "Nọ́ọ̀sì, sítáàṣì nìyẹn o! Èyí tí wọ́n fi ń mú kí aṣọ le!"

Mo fẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohùn kan ti ẹnu ọ̀nà wọlé, ohùn tí ògiri kò dí lọ́wọ́ rí. Ìyá Múrí ni, òógùn bò ó, ike ọ̀dà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Fadékẹ́! Wọ́n ní ẹ gbé ọmọ sáré, mo ya ilé yín, ìkòkò wà lórí iná, sítáàṣì mi ti lọ sí ìdajì! Ìyàwó yín ló ní kí n máa gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín torí ewúrẹ́. Alágbàfọ̀ ń bọ̀ wá gbé e! Ta ló sè é?"

Gbogbo ilé wo irùngbọ̀n mi. Ẹ̀rín tó bú níbẹ̀ jí àwọn ọmọ tó ti sùn.

Inú ẹ̀rín yẹn ni Fadékẹ́ bá wa, gèlè lọ́wọ́, omijé lójú. Ó já ọmọ gbà, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Bàbá mi, ẹ ní kò sọ̀rọ̀ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìgbà wo ló ti sọ̀rọ̀ rí?"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó jókòó sílẹ̀, ó fún ọmọ lọ́mú. Nọ́ọ̀sì ní èyí tó jẹ kò pọ̀, ó sì ti jiná, ṣùgbọ́n kí a dúró díẹ̀ kí òun máa wò ó. Ó ní àwọn kan ń jẹ sítáàṣì lọ́nà ilẹ̀ wọn, àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ ọmọ oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé kí ló dé tí ẹ̀rù fi bà mí tó bẹ́ẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ iyán fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Ìyá Múrí ní, "Ká ní wọ́n gbé e fún mi kí n rọ ọ́ lánàá ni, gbogbo èyí ì bá má ṣẹlẹ̀."

"Ìyá, ẹ má rọ ọmọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ibi tí ẹ bá ti fún un nímú, ọ̀nà tí kò yẹ ni oúnjẹ máa gbà."

"Mẹ́jọ ni mo rọ!"

"Orí yín ló bá yín ṣe é."

Ìyá Múrí wo ike ọwọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún èmi nìkan, "Ọmọ kẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí." Mo sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, ó jókòó tì mí.

Nígbà tí a ń sọ èyí, a ò wo Ìkẹ́. Ìyá kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Fadékẹ́ ń fi ọwọ́ fọ́ ọ̀dùnkún sísè fún ọmọ tirẹ̀. Ìkẹ́ jáwọ́ lára ọmú, ó nàgà, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú abọ́ náà, ó sì kì í sẹ́nu.

Mo dìde. "Kókó wà níbẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì di apá mi mú. "Bàbá, ẹ jókòó. Ó rọ̀. Ẹ máa wò ó."

Ìkẹ́ fi ahọ́n yí i. Díẹ̀ jáde, ó fọwọ́ tì í padà. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo tún fẹ́ dìde.

"Ọmọ tó ń wúkọ́ ń mí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Èyí tó bá fi ahọ́n tì jáde, kò kọ̀ ọ́. Ọmú nìkan ni ahọ́n rẹ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ tuntun ló ń kọ́."

Ó gbé e mì. Ó wo abọ́, ó wo ìyá tó ni abọ́, ó sì fi ọwọ́ lu itan Fadékẹ́ bí ẹni tó ń sọ pé kí wọ́n bu òmíràn wá. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ó bù ú fún un. Fadékẹ́ wò mí, mo sì mọ̀ pé yóò lọ sí ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ó lọ. Èmi ni mo gún ọ̀dùnkún ọjọ́ náà, Ìyá Múrí dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wò mí. Ó bi mí bóyá ó dá mi lójú pé ọ̀dùnkún ni. Mo ní kó wọlé wá tọ́ ọ wò. Mo bá a ra sítáàṣì rẹ̀ tó kù, kí ọ̀rọ̀ lè tán.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé kó máa wo ibi tó ń sá lọ. Èmi sá fún kókó inú ẹ̀kọ, mo lọ bá ohun tí wọ́n fi ń mú kọ́là aṣọ le. Bí mo bá ti bi ẹnì kan léèrè lọ́jọ́ náà pé kí ló wà nínú ike yìí, ìtàn ì bá má sí. Ẹ̀rù ò burú, ó lè gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bẹ̀rù kó máa béèrè.

Ìkẹ́ ti ń sáré lé adìyẹ mi kiri báyìí, kò sì sí ohun tí kì í jẹ. Tó bá jókòó tì mí tí à ń jẹun, ó máa ń gbé òkèlè mì wàrà bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, èmi á sì dá ọwọ́ tèmi dúró, màá máa wo ọ̀fun rẹ̀. Tó bá ti lọ sílẹ̀, èmi náà á gbé itọ́ mì. Lánàá ló wo ojú mi pẹ̀lú àánú, ó fọwọ́ kékeré rẹ̀ gbá mi lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ gbé e mì." Kò sí nǹkan kan lẹ́nu mi. Ẹ̀rín ni mo bú sí, mo sì gbé itọ́ mì bó ṣe wí.